Ẹ Bi Wá Léèrè: Oaks àti Derby, Ta Ni Ẹ̀gbọ́n?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa ní Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè rẹ̀. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ jọjọ, ti onílé tó fowó kún owó ilé wà níbẹ̀, ti àna tó ń yọ ìyàwó lẹ́nu náà wà níbẹ̀, àmọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ìyá kan tó ń ta ẹja, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e síwájú. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ó gba àyè jù, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ẹṣin ni, èmi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ ẹṣin kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Olúwo ni mo ti ń ta ẹja. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọkọ mi àti ọmọ wa ọkùnrin tó wà ní yunifásítì jọ ń wo fóònù, wọ́n ń fi eré ẹṣin ìlú ọba hàn níbẹ̀. Ọmọ wá ní èyí tí wọ́n ń sá yẹn, Oaks ni wọ́n ń pè é, pé abo ẹṣin nìkan ló ń sá a, pé ó tún dàgbà ju Derby tí gbogbo ayé mọ̀ lọ. Bàbá ẹ̀ ní irọ́ ńlá ni, pé Derby ni bàbá gbogbo wọn, pé wọ́n kàn ya tàwọn abo sọ́tọ̀ ni torí pé wọn ò lè bá akọ sá a. Bí wọ́n ṣe fi ọ̀bọ̀kún ńlá kan ta tẹ́tẹ́ nìyẹn o, ọ̀bọ̀kún tèmi tí mo tọ́jú pamọ́ fún kọ́sítọ́mà! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sòótọ́ nínú wọn? Kí ló sì dé tí wọ́n fi ń forúkọ igi pe eré ẹṣin? — Ìyá Ẹlẹ́ja, Òkè Balógun, Ẹ̀pẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ sọ fún bàbá pé kí wọ́n tètè máa wá owó ọ̀bọ̀kún, ọmọ yín ló sòótọ́. Ọdún 1779 ni wọ́n kọ́kọ́ sá Oaks, 1780 ni Derby tó dé. Ẹ ṣáà mọ ilé tí obìnrin ti jẹ́ àkọ́bí, tí wọ́n wá bí ọkùnrin tẹ̀lé e, tó fi jẹ́ pé orúkọ ọmọkùnrin yẹn ni gbogbo àdúgbò fi ń pe ìyá wọn títí ayé. Bọ́rọ̀ Oaks àti Derby ṣe rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n ti ibi igi tẹ́ ẹ bi mí bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́ igi ni oak lédè òyìnbó, igi líle ni, ó jọra pẹ̀lú ìrókò tiwa. Àmọ́ ilé kan ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ igi yẹn pè, ara ilé yẹn ni eré ti wá gba orúkọ. The Oaks ni wọ́n ń pe ilé náà, ó wà nítòsí Carshalton ní Surrey, kò jìnnà sí Epsom tí wọ́n ti ń sá eré ọ̀hún títí di òní. Wọ́n ní ilé ọtí ni tẹ́lẹ̀ kí jẹ́nẹ́rà kan tó ń jẹ́ John Burgoyne tó gbà á, tó sì tún un kọ́ (Burgoyne yìí náà ni wọ́n ṣẹ́gun ní Saratoga lọ́dún 1777 nígbà tó lọ bá àwọn ará Amẹ́ríkà jà, ẹ ò rí i pé ilé kíkọ́ sàn fún un ju ogun lọ). Burgoyne ló fẹ́ àǹtí Lọ́ọ̀dù Derby kejìlá, Edward Smith-Stanley, bí ilé ṣe bọ́ sọ́wọ́ ọmọkùnrin yẹn nìyẹn.

Lọ́ọ̀dù yìí mọ fàájì ṣe. Ní oṣù kẹfà 1774, nígbà tó kù díẹ̀ kó gbé Elizabeth Hamilton níyàwó, wọ́n ṣe ọ̀wàǹbẹ̀ kan nínú ọgbà ilé yẹn tó jẹ́ pé ẹnu ò lè ròyìn ẹ̀ tán, Robert Adam tó gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ń yàwòrán ilé nígbà náà ni wọ́n ní kó ya ilé ijó àti ilé oúnjẹ tí wọ́n kọ́ torí àríyá yẹn nìkan. Ẹ ronú ẹ̀ wò, à ń gba kánópì, àwọn ń kọ́lé! Gbogbo ẹ̀ náà, ìyàwó ò kúkú dúró. Nígbà tí eré Oaks fi máa bẹ̀rẹ̀, ìyàwó ti bá Duke of Dorset lọ. Ọkọ ní òun ò ní fún un níwèé ìkọ̀sílẹ̀, kò sì fún un lóòótọ́, àfìgbà tí obìnrin yẹn kú lóṣù kẹta 1797, nígbà tí oṣù karùn-ún máa bẹ̀rẹ̀, bàbá ti gbé òṣèré tíátà kan, Elizabeth Farren, níyàwó. Oṣù méjì ò tíì pé o. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ bi mí nìyí, àmọ́ ọjà Olúwo lẹ wà, mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ gbọ́ ọ.

Ilé yẹn ni Lọ́ọ̀dù Derby àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ jókòó sí tí wọ́n fi dá a lábàá pé káwọn sá eré kan tó máa jẹ́ kìkì abo ẹṣin ọlọ́dún mẹ́ta, máìlì kan àtààbọ̀, lórí ilẹ̀ lásán láìsí igi tí wọ́n máa fò. Ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún 1779 ni wọ́n sá a, ẹṣin 12 ló jáde, Bridget ló gbégbá orókè. Ta ló ni Bridget? Lọ́ọ̀dù Derby fúnra ẹ̀! Ẹni tó se ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ jẹ ẹran ibẹ̀.

Inú wọn dùn débi pé wọ́n tún fẹ́ ṣe òmíì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èyí tí akọ àti abo jọ máa sá. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé orúkọ ló dìjà, ṣé orúkọ Lọ́ọ̀dù Derby ni wọ́n máa fún un ni àbí ti Sir Charles Bunbury tóun náà jẹ́ ọ̀gá nídìí eré ẹṣin, wọ́n bá ju owó ẹyọ sókè, Derby jẹ. Ká ní Bunbury ló jẹ ni, Kentucky Bunbury ni wọn ì bá máa sá ní Amẹ́ríkà lónìí dípò Kentucky Derby. (Àwọn ará Kentucky náà ní Oaks tiwọn o, ọdún 1875 kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, tiwọn ò ní ẹ̀gbọ́n kò ní àbúrò, ìbejì ni.) Bunbury pàdánù orúkọ, àmọ́ ẹṣin ẹ̀ Diomed ló gba Derby àkọ́kọ́. Ohun kan sì wà táwọn èèyàn kì í sábà rántí: máìlì kan péré ni Derby lọ́dún yẹn, nígbà táwọn ọmọge ti ń sá máìlì kan àtààbọ̀. Ó di 1784 kí Derby tó lé e bá.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ pé wọ́n ya abo sọ́tọ̀ torí wọn ò lè bá akọ sá a. Àwọn òyìnbó tó ń sá eré ẹṣin ní orúkọ fún abo ẹṣin tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, filly ni wọ́n ń pè é, tó bá pé márùn-ún tán ó ti di mare nìyẹn, ìyá ẹṣin. Àwa kàn ń pe gbogbo ẹ̀ ní abo ẹṣin, àmọ́ tẹ́ ẹ bá fi ojú wúńdíá wo filly ẹ ò jìnnà. Lóòótọ́, tó bá jẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta, akọ sábà máa ń lágbára díẹ̀ ju abo lọ, ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń dín pọ́n-ùn mẹ́ta kù nínú ẹrù tí abo máa gbé tó bá wọ Derby. Nínú Oaks, kò sí ìyẹn, ẹrù ọgba ni gbogbo wọn ń gbé, nǹkan bíi kílò 58, àti jọ́kì àti gàárì. Àmọ́ ìdí tó jinlẹ̀ ni ọmọ bíbí. Àwọn tó ń sin ẹṣin fẹ́ mọ abo tó yẹ kó di ìyá, kí wọ́n lè mú un fún akọ gidi, kó bí ọmọ tó máa sáré. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré láyé ni ẹṣin lè sá Oaks, ọlọ́dún mẹ́ta nìkan ni, tọ́dún bá ti yí, ó ti lọ nìyẹn.

Pápá Epsom ọ̀hún gan-an, ẹnikẹ́ni kì í ṣàwàdà níbẹ̀. Mítà 2,420 ni gbogbo ẹ̀, wọ́n máa fi nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì àtààbọ̀ sá a. Láti ìbẹ̀rẹ̀, òkè ni wọ́n ń gùn, bíi kéèyàn máa ti etí ọ̀sà gun orí òkè nílé wa níbí, tí wọ́n bá débi tó ga jù tán wọ́n á wá já sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ló ń gbé wọn wọ kọ́nà Tattenham Corner lápá òsì, eré tí ẹṣin ń sá bọ̀ níbẹ̀ burú. Tí wọ́n bá yọ síta tán tí wọ́n rò pé ó ti di tààrà, ilẹ̀ yẹn tún dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n di gbogbo ẹrù sápá òsì. Ẹṣin tó ti rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ sápá ibẹ̀, jọ́kì á máa fa ìjánu, tó bá wá ku díẹ̀ kí wọ́n débi òpin, òkè tún ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe báyìí fún o.

Ṣé abo ti na akọ rí? Ẹ jẹ́ kí bàbá sún mọ́bí. Abo mẹ́fà ló ti gba Derby. Èkíní ni Eleanor lọ́dún 1801, ẹṣin Bunbury yẹn náà ni, ẹni tí wọ́n jẹ lórúkọ. Wọ́n ní nígbà tí ọkùnrin tó ń tọ́ Eleanor wà lórí àìsàn tó pa á, wọ́n ránṣẹ́ pe pásítọ̀ kó wá gbàdúrà fún un, pásítọ̀ tẹ́tí sí i kó lè gbọ́ ohun tó fẹ́ jẹ́wọ́, ohun tó sọ fún pásítọ̀ ò ju pé abo ẹṣin yẹn kì í ṣe kékeré. Ó kú, Eleanor gba Derby, nígbà tílẹ̀ mọ́ ó tún jáde, ó gba Oaks. Ọjọ́ méjì léraléra!

Blink Bonny gba méjèèjì ní 1857. Èyí tó wá wù mí jù ni ti 1908. Ará Ítálì kan, Chevalier Ginistrelli, tó ń gbé ní Newmarket, ìlú àwọn ẹlẹ́ṣin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní abo kan tó ń jẹ́ Signorina, ó mọ eré sá gan-an nígbà tó wà lọ́mọge, àmọ́ nígbà tó dọ̀rọ̀ ọmọ, ọdún ń gorí ọdún, kò rí i bí. Akọ kan wá wà tó ń jẹ́ Chaleureux, akọ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí, wọ́n máa ń fà á gba iwájú ilé Signorina kọjá. Tó bá ti ń kọjá báyìí, á yán, abo náà á dá a lóhùn. Ginistrelli ní ìfẹ́ ni, pé ká fi wọ́n síra wọn. Àwọn ará Newmarket fi ṣe yẹ̀yẹ́, torí pé èèyàn kì í fi ìfẹ́ sin ẹṣin, owó ni wọ́n fi ń sin ín. Abo tí wọ́n bí, Signorinetta, Ginistrelli fúnra ẹ̀ ló tọ́ ọ, ó mú un lọ sí Derby, kò sẹ́ni tó fọkàn sí i, ọgọ́rùn-ún sí ẹyọ kan ni wọ́n ń ta á, ló bá yọ síwájú gbogbo akọ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó tún gba Oaks. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn débi pé n kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá mi jiyàn lórí ẹ̀.

Fifinella ló ṣe é kẹ́yìn, ọdún 1916 nìyẹn, lásìkò ogun, ìyẹn sì jẹ́ kó jẹ́ pé Newmarket ni wọ́n ti sá a, wọ́n gbé e kúrò ní Epsom torí ogun, wọ́n tún gbé e lọ síbẹ̀ láti 1940 sí 1945.

Ọbabìnrin Elizabeth náà, ẹṣin ni gbogbo ayé ẹ̀, ó wá Derby títí kò rí i gbà, àmọ́ ó gba Oaks lẹ́ẹ̀mejì, Carrozza ní 1957, Dunfermline ní 1977, ọdún tó ṣe àjọ̀dún ọdún 25 lórí oyè. Lọ́dún 2004 ẹ̀wẹ̀, abo kan tó ń jẹ́ Ouija Board fi gígùn ẹṣin méje na ẹni kejì. Ta ló ni ín? Lọ́ọ̀dù Derby, ìkọkàndínlógún báyìí. Ọdún 225 lẹ́yìn Bridget, ìdílé kan náà! Ilé The Oaks fúnra ẹ̀, wọ́n ti wó o tipẹ́, pápá ìgbafẹ́ ló kù níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ṣé kò sí irú eré ẹṣin yìí nílẹ̀ wa rí ni? Kí ló dé tó jẹ́ pé tí a bá lọ sí Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde, ẹṣin máa pọ̀ bí nǹkan míì àmọ́ wọn kì í sáré? — Ọmọ Pópó-Òbá, Ẹ̀pẹ́.

ÌDÁHÙN: Ó wà, àbúrò mi. Tafawa Balewa Square tí o ti ń wọ bọ́ọ̀sì l'Ékòó, pápá eré ẹṣin ni. Ọba Dòsùnmú ló fún wọn nílẹ̀ yẹn lọ́dún 1859, Race Course làwọn bàbá wa ń pè é, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ àsíá ìlú ọba kalẹ̀ lóru tí a gba òmìnira ní 1960. Ọdún 1972 ni wọ́n kọ́ nǹkan míì síbẹ̀. Tó o bá tún débẹ̀, gbójú sókè níbi géètì, wàá rí àwọn ẹṣin funfun tí wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, àwọn yẹn ló kù.

Ẹṣin kì í fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé ní etí òkun báyìí, eṣinṣin tsetse ló ń fi àìsàn pa wọ́n, torí náà láti òkè Ọya ni wọ́n ti ń mú wọn wá, ibẹ̀ náà làwọn Ọ̀yọ́ ti ń ra èyí tí wọ́n fi ń jagun láyé àtijọ́. Ojúde Ọba ò sì jẹ mọ́ ìdíje eré, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, àwọn ilé Balógun ń wá kí Awùjalẹ̀ ni, ẹ̀yẹ ni ẹṣin ń ṣe níbẹ̀. Lọ́dún kan mo dúró sétí ọ̀nà, ni ẹṣin kan tí wọ́n fi àrán àti ṣaworo wọ̀ láti orí dé ìdí bá gbọ́ ìbọn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn, ìdí ẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi gbọ̀ngbọ̀n. Mo rí ìfófòó funfun níbi tí ìjánu wà lẹ́nu ẹ̀, mo rí òógùn tó ń kán lábẹ́ aṣọ olówó iyebíye yẹn, mi ò ríbi sá sí. Ọmọ Hausa kékeré kan tó di okùn ẹ̀ mú kàn gbẹ́nu sétí ẹ̀, ó sọ nǹkan kan, ẹṣin dúró wámú. Ẹni tó gùn ún ṣì ń juwọ́ sáwọn èèyàn, kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ fún mi ní ẹṣin tó máa jẹ Oaks tó ń bọ̀, kí n ta á, màá fún yín ní tiyín. — Omo Boi, Pápá, Ẹ̀pẹ́.

ÌDÁHÙN: Ìwọ ọmọ yìí. Lọ́dún 1989, Aliysa ló kọ́kọ́ débi òpin, àwọn tó ta á ti gbowó, wọ́n ti ná an. Wọ́n yẹ ìtọ̀ ẹ̀ wò, wọ́n bá nǹkan tó jọ mọ́ kámfọ̀ níbẹ̀, wọ́n ṣẹjọ́ títí, lọ́dún kejì wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ wọ́n fún Snow Bride tó ṣe kejì. Ẹni tó ti ya tíkẹ́ẹ̀tì Snow Bride dànù ńkọ́? Lọ bi í. Snow Bride ló sì wá bí Lammtarra tó gba Derby 1995, ohun tí mo ń sọ lókè níbẹ̀ yẹn nìyẹn, pé ìyá ni wọ́n ń wá. Padà sídìí iṣẹ́ ẹ.

ÀTẸ̀JÍṢẸ́ TÓ WỌLÉ KÁ TÓ TẸ̀ Ẹ́: Mo ti pe Ìyá Ẹlẹ́ja lórí fóònù kí n tó kọ èyí jáde, mo sọ ìdáhùn fún wọn, kò tíì pé wákàtí kan tí ọkọ wọn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní: "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo gbà pé Oaks dàgbà. Ṣùgbọ́n láti 1916 títí dòní, ẹ ní kò sí abo tó tún gba Derby, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ṣé ọ̀rọ̀ tèmi ò ní òótọ́ kankan nínú ni? Ó yẹ kí wọ́n pín ẹja náà sí méjì."

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ jà dáadáa. Àmọ́ abo tó ń wọ Derby ò tó nǹkan mọ́, àwọn tó ni wọ́n kì í mú wọn lọ síbẹ̀, ṣebí Oaks wà lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ẹ̀, ta ló máa fi eré tó dájú sílẹ̀? Níbi tí wọ́n bá ti jẹ́ kí wọ́n pàdé akọ, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀: abo kan tó ń jẹ́ Enable gba Oaks ní 2017, lóṣù kẹwàá ọdún yẹn ó lọ sí Faransé lọ gba Arc, eré ẹṣin tó lókìkí jù níbẹ̀, àtakọ àtàgbà ló wà níbẹ̀, ó tún padà lọ gbà á ní 2018. Nínú Oaks fúnra ẹ̀, Snowfall fi gígùn ẹṣin 16 na ẹni kejì ní 2021, kò sẹ́ni tó ṣe irú ẹ̀ rí níbẹ̀.

Nítorí náà, orí àti ikùn, ti ọmọ ni. Mo ti bá yín bẹ Ìyá Ẹlẹ́ja, wọ́n ní ẹ lè gba ìrù. Tó bá di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ wò ó, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni, aago tiwọn àti tiwa sì máa ń bára mu lásìkò yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi owó yín ta tẹ́tẹ́, ẹ fi ẹja sílẹ̀.